Gílóòbù Kọ́ ni Ọ̀daràn

Èrò kan wà tí ó ti ta gbòǹgbò láàárín wa ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkìtì yìí, láti Odò-Ọwá dé Ìjerò, láti Ìjerò dé Àrámọ̀kọ, títí ènìyàn yóò fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ó sì ti pẹ́ débi pé àwọn tí ó gbà á gbọ́ kò tún kà á sí èrò mọ́, wọ́n kà á sí òtítọ́ tí kò nílò ẹlẹ́rìí. Èrò náà ni pé bí iná iwájú ọ̀kadà bá kú, gílóòbù ni ó jó. Pé bí a bá ti ra gílóòbù mìíràn, ọ̀rọ̀ ti parí. Àti pé bí tuntun náà bá tún kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ayédèrú ni wọ́n tà fún wa, kí a lọ ra òmíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo dìde láti tako èrò yìí, n kò sì ní fi ẹnu kan tútù, ẹnu kan gbígbóná tako ó. Irọ́ ni. Ó ń ná ni lówó, ó sì ń pa ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé n kò mọ ohun tí ọ̀nà wa ń ṣe sí gílóòbù. Irin tín-ín-rín tí ń pọ́n nínú dígí rẹ̀ kí ó tó tàn kò lágbára púpọ̀, kòtò tí òjò gbẹ́ sójú títì àti òkúta tí ó yọrí ní ọ̀nà oko sì tó láti gbọ̀n ọ́n já kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹni tí ń fi alùpùpù kó kòkó àti iṣu wọ ìlú, tàbí tí ń gbé àwọn awakùsà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta olówó iyebíye ní agbègbè Ìjerò, kò ní ṣàì rí gílóòbù tí ó kú ikú ara rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú a máa sọ ohun tí ó pa á, bí a bá lè fara balẹ̀ wò ó. Gílóòbù tí ìgbọ̀nrìrì pa, irin inú rẹ̀ yóò já, dígí rẹ̀ yóò sì mọ́ síbẹ̀. Èyí tí a fi agbára tí ó pọ̀ jù bọ́ pa, dígí rẹ̀ sábà máa ń dúdú tàbí kí ó máa dán bí dígí tí a kùn. Èyí tí afẹ́fẹ́ ráyè wọ̀, inú rẹ̀ yóò funfun bí ẹni pé a da ẹfun sí i. Ẹni tí ó bá yọ gílóòbù rẹ̀, tí ó gbé e sí ojú oòrùn wò kí ó tó jù ú nù, ti gbọ́ ìdajì ẹjọ́ náà. Bí ó bá sì wò ó tí irin inú rẹ̀ ṣì wà ní gbọnran, tí dígí rẹ̀ mọ́ kedere, kí ni ó tún ń wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń ta páàtì? Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ara wáyà ni kí ó ti lọ wá a.

Kí a tó lè mọ ibi tí iná gbé kú, ó yẹ kí a mọ ibi tí a gbé bí i. Ní ọdún 1831 ni Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí òòfà bá ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ wáyà tí a ká jọ, iná mànàmáná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà, ohun tí ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà títí di òní olónìí nìyẹn: òòfà ń yí, kọ́ìlì dúró sójú kan, iná ń jáde. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, iná iwájú kò bá bátìrì da nǹkan kan pọ̀, láti inú kọ́ìlì yìí ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá tààrà, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ó fi ń mọ́lẹ̀ yòò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké, tí ó sì ń rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a bá dúró de èrò. Nínú àwọn mìíràn, bátìrì ni ó ń bọ́ ọ. Láti mọ èyí tí tìrẹ jẹ́ kò gba owó kankan: yí kọ́kọ́rọ́, má ta kíìkì, tan iná iwájú. Bí ó bá tàn, ọmọ bátìrì ni. Bí ó bá kọ̀ tí kò tàn àfi ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọmọ kọ́ìlì ni. Síbẹ̀, ẹ wo iye ọlọ́kadà tí a ti ta bátìrì tuntun fún nítorí iná tí kò mọ bátìrì rí láti ọjọ́ tí a ti ṣe é! Ẹni tí ó tà á fún wọn kì í sábà jẹ́ olè, aláìmọ̀kan tí ọ̀gá rẹ̀ kò kọ́ ni, ṣùgbọ́n owó tí ó gbà kò padà sí àpò ẹni tí ó ni ín nítorí ìyẹn.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé dùn mí jù. Iná mànàmáná kì í lọ kí ó má bọ̀. Bí ó ti ń jáde lọ sí gílóòbù ni ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí ibi tí ó ti wá, bí ẹni tí a rán níṣẹ́ sí òdìkejì odò. Bí odò bá kún mọ́ ọn ní àbọ̀, a kò ní rí èsì, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wù kí ó yá tó nígbà àlọ. Wáyà tí ń gbé iná padà yìí, èyí tí àwọn ríwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, ni ẹnikẹ́ni kì í wò. Wáyà àlọ nìkan ni wọ́n ń tọ́ka sí, òun ni wọ́n ń tẹ́sì, òun ni wọ́n ń yí padà, nígbà tí èyí tí ń padà bọ̀ wà lábẹ́ bóòtù kan lára férémù, tí eruku ọ̀gbẹlẹ̀ ti bò ó, tí òjò ti rọ̀ sí i, tí ìpẹtà ti jẹ irin abẹ́ rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé nígbà tí wọ́n tún alùpùpù náà kùn, orí ọ̀dà ni wọ́n dì í mọ́, láìrántí pé iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò sí i, kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí ìbínú lásán. Gílóòbù tí a kọ 12V àti 35/35W sí lára, tí ó wọ́pọ̀ lára alùpùpù wa, ń gba nǹkan bí áńpìà 3, ìdíwọ́ tí ó wà nínú irin rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná sì jẹ́ nǹkan bí óòmù 4. Bí ìpẹtà abẹ́ bóòtù kan péré bá fi óòmù 1 kún un, ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ gílóòbù yóò ṣègbé sí abẹ́ bóòtù, gílóòbù yóò sì rí fóòtì 9 àti ààbọ̀ tàbí díẹ̀ sí i dípò 12. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ìdá kan nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀ ni ó lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ irin gbígbóná a máa já wálẹ̀ kíákíá ju agbára tí ń bọ́ ọ lọ, nítorí náà, ó ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ náà tí ó ti lọ. Ìdajì ìmọ́lẹ̀, nítorí bóòtù tí a lè fi sáńpépà fọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún! Ìgbà yìí gan-an ni ọlọ́kadà máa ń wo iná rẹ̀ tí ó pọ́n bí ẹyín inú ààrò, tí yóò sì wí pé, “Gílóòbù yìí ti gbó.” Yóò ra òmíràn, òmíràn náà yóò pọ́n bákan náà, yóò sì gbà pé gbogbo àwọn tí ń ta páàtì ní Ìjerò ti di oníjìbìtì. Ohun tí ì bá ṣe ni pé kí ó mú wáyà gígùn kan, kí ó so orí rẹ̀ kan mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tí a ti há mọ́ tónítóní, kí ó fi orí kejì kan ẹsẹ̀ gílóòbù tí wáyà ẹ́ẹ̀tì wọ̀. Bí iná bá bú yẹ̀rì, a ti mú ọ̀daràn.

Ìbátan ìyà yìí ni ti ọrùn alùpùpù, níbi tí gbogbo wáyà gbé kọjá láti ara férémù lọ sí iwájú. Gbogbo ìgbà tí a bá yí ọwọ́ sí ọ̀tún tàbí sí òsì ni a ń tẹ wáyà wọ̀nyí, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, irin inú wọn a sì máa já nígbà tí rọ́bà ìta ṣì wà ní pípé, tí ojú kò lè rí i. Àmì rẹ̀ kò ṣòro: iná a máa lọ bí a bá kọ sí òsì, a sì máa dé bí a bá kọ sí ọ̀tún. Bí fúùlù, iná tí ń tàn jìnnà, bá kú tí dímù, èyí tí ń tàn sí ìsàlẹ̀, ṣì wà, ara gílóòbù tàbí súwíìṣì ọwọ́ ni kí a wò. Bí méjèèjì bá kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò wọ́pọ̀ kí irin méjì já lọ́jọ́ kan, kí a yáa wá ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń lò.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti rẹ́gúlétọ̀, nítorí pé òun ni ó ń pa gílóòbù ní àpatúnpa tí gbogbo ayé fi ń bú àwọn tí ń ta páàtì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré sí i ni kọ́ìlì ń pèsè iná sí i, bí kò bá sí ohun tí ń dá a lẹ́kun, agbára náà yóò kọjá ohun tí gílóòbù lè gbé. Iṣẹ́ rẹ́gúlétọ̀ ni láti dì í mú, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó kọjá nǹkan bí fóòtì 14 àti ààbọ̀. Àwọn tí ń ṣe gílóòbù mọ̀ dájú pé bí agbára bá fi ìdá 5 péré nínú 100 ju bí ó ti yẹ lọ, ọjọ́ ayé gílóòbù yóò dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ wá ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí rẹ́gúlétọ̀ bá ti kú pátápátá, tí ọlọ́kadà wá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n sí Ìtawurẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ké lábẹ́ rẹ̀. Iná iwájú yóò kú, ti ẹ̀yìn yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà tràfíkétọ̀, omi inú bátìrì yóò sì máa gbẹ. Ẹni tí ó bá rí ikú tí ó pọ̀ tó báyìí nínú ilé kan, tí ó ń ra òkú tuntun rọ́pò òkú àtijọ́ dípò kí ó béèrè ohun tí ó wọlé, a jẹ́ pé ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Mítà kékeré kan tí a kì sí ẹsẹ̀ bátìrì méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké yóò sọ òtítọ́: bí ó bá kọjá 15, má ra gílóòbù kankan lọ́jọ́ náà. Kí a sì rántí pé rẹ́gúlétọ̀ fúnra rẹ̀ nílò ẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí èyí tí a ti dá lẹ́bi pé ó ti bàjẹ́, tí ó jẹ́ pé bóòtù rẹ̀ ni ó dẹ̀.

Nígbà tí èrò gílóòbù yìí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, kì í kú, ńṣe ni ó máa ń bí ọmọ tí ó burú ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọ àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní dáírẹ́ẹ̀tì, pé kí a fa wáyà kan láti orí bátìrì lọ bá gílóòbù láìgba inú fíúsì àti súwíìṣì kọjá. Bí fíúsì bá sì wà tí ó ń já, wọn a fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e kí ó má baà já mọ́, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ fíúsì ni pé ó ń kìlọ̀ fún wa. Wáyà tí kò ní fíúsì, tí ó ń ha férémù lábẹ́ táǹkì epo bẹntiróòlù, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ní ìyàwó àti ọmọ jókòó lé lórí. Ọmọ kejì ni gílóòbù alágbára, 100W, tí a kì bọ inú iná tí a ṣe fún 35: kọ́ìlì kò lè bọ́ ọ yó, ike tí ó gbé e dání a máa yọ́, wáyà a sì máa gbóná. Ẹ̀kẹta ni iná funfun tí ń fọ́ni lójú, tí ó gbòde kan báyìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n inú abọ́ iná tí a ṣe fún irin gbígbóná ni wọ́n ń kì í bọ̀, ìtànṣán rẹ̀ a sì fọ́n káàkiri, òkè igi ni ó ń mọ́lẹ̀ sí, ojú ẹni tí ń bọ̀ níwájú ni ó sì ń fọ́, nígbà tí kòtò tí ó wà níwájú táyà gan-an ṣì wà nínú òkùnkùn.

Wọn yóò sọ fún mi pé tálákà kò lówó mítà. Ẹ jẹ́ kí a má ṣe fi orúkọ tálákà bo àṣà ìgbàanì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ra gílóòbù ní ìgbà gbogbo tí òṣù bá lé, tí ó ra bátìrì tí kò nílò, tí ó sì san owó iṣẹ́ fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, ti ná owó mítà ná tipẹ́tipẹ́. Àti pé kì í ṣe ọlọ́kadà ni mo ní kí ó ra mítà, bí kò ṣe ẹni tí ó gbé pátákó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé iṣẹ́ iná alùpùpù ni òun ń ṣe.

Wọn yóò tún sọ pé a mọ ọ̀nà wa, pé òṣùpá ń ràn, pé tọ́ọ̀ṣì fóònù tó. Ẹni tí ó bá ń sáré 40 kìlómítà láàárín wákàtí kan, èyí tí kò sí ọlọ́kadà tí yóò pè é ní eré, ń kọjá mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ojú rẹ̀ tó rí ewúrẹ́, kí ọkàn rẹ̀ tó gbà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ búrèkì, ó ti jẹ mítà bíi 15 tán láìtíì dín eré kù rárá. Ìwọ̀nba mítà mélòó ni tọ́ọ̀ṣì fóònù tí a fi eyín mú dání ń tàn dé? Èyí tí wọ́n sì gbàgbé pátápátá ni pé iná iwájú kì í ṣe fún ẹni tí ó gbé e nìkan, a fi ń rí i ni pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Malaysia, láti ọdún 1992 ni a ti ní kí àwọn ọlọ́kadà máa tan iná iwájú wọn ní ọ̀sán gangan, àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sì rí i pé ìjàǹbá tí àìrí-alùpùpù ń fà dín kù ní nǹkan bí 29 nínú 100. Ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí Bajaj àti TVS tí ó kún ojú títì wa ti wá, pa á láṣẹ láti oṣù kẹrin ọdún 2017 pé kí iná iwájú alùpùpù tuntun gbogbo máa tàn fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde, tí ẹni tí ó gùn ún kò sì ní lè pa á. Àwọn tí ó ṣe alùpùpù náà kò gbà pé ó lè rìn ní ọ̀sán láìtan iná, àwa ń gùn ún láàárín òru nínú kùrukùru ọyẹ́ orí òkè láìní iná rárá, bí a bá sì wá rí òkú ẹnìkan lójú ọ̀nà Ìpótì láàárọ̀, a ó ní Ògún ni ó mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣe purọ́ mọ́ Ògún Lákáayé, ọṣìn imọlẹ̀, baba onírin, ẹni tí ìlú rẹ̀, Ire, wà ní ilẹ̀ Èkìtì Kete yìí níbí. Iṣẹ́ irin tí a ṣe dáradára ni a fi ń júbà rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ náà ní tiwọn níbẹ̀. Láti ìgbà Màjàmàjà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní ọdún 1977, títí dé àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, a kò ṣàì rí òṣìṣẹ́ lójú títì; ní ọjọ́ kìíní ọdún 2009, tí wọ́n mú òfin akoto le, gbogbo Nàìjíríà gbọ̀n, débi pé àwọn kan dé igbá sórí kí wọ́n má baà mú wọn. N kò bú òfin náà, ó dára. Ṣùgbọ́n orí ni akoto ń dáàbò bò nígbà tí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀ tán. Iná tí kì bá jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀, ta ni ó dá ọlọ́kadà dúró lójú ọ̀nà Àrámọ̀kọ tí ó ní kí ó tàn án wò? Èkó ní tirẹ̀ yàn láti lé ọlọ́kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ títì láti ọdún 2012. Èkó lè ṣe é, Èkó ní ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó bá lé ọ̀kadà kúrò ní Odò-Ọwá, kí ó sọ ohun tí aboyún tí ọmọ mú lóru yóò gùn dé ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì àti ríwáyà ni mo fi ẹjọ́ mi sùn, nítorí pé ọwọ́ wọn ni èrò gílóòbù yìí ti ń kọjá láti ìran dé ìran. Ọmọ iṣẹ́ a máa lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lábẹ́ wọn, yóò mọ bí a ti ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, yóò mọ orúkọ gbogbo páàtì, a óò sì ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún un pẹ̀lú ìrẹsì àti fọ́tò, láìjẹ́ pé ó ti tọpa iná kan ṣoṣo rí láti kọ́ìlì dé gílóòbù àti láti gílóòbù padà sí férémù. Kí ọjọ́ fìrídọ́ọ̀mù tó pé, kí ọ̀gá mú alùpùpù kan, kí ó fi ọ̀dà kun abẹ́ bóòtù ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tàbí kí ó já wáyà kan níkọ̀kọ̀ nínú ọrùn rẹ̀, kí ó gbé mítà lé ọmọ náà lọ́wọ́, kí ó sì gba gbogbo gílóòbù tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá rí ìdí ọ̀rọ̀ náà tí iná sì tàn, kí wọ́n gbàdúrà fún un kí ó máa lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè owó gílóòbù, kí ó padà sórí bẹ́ǹṣì, kí ọdún mìíràn tún gorí èyí tí ó ti lò.